Gàrí ni mò ń tà, ẹgbẹ́ mi ò mọ̀

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 36 ni mí, gàrí ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Ajé. Ẹnu mi mú lọ́jà, mo máa ń pariwo dáadáa. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìperu, ohùn mi á rọ̀ bíi ti ẹni tí kò lè pa eṣinṣin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún di ẹlòmíì. Ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa n'Íjẹ̀bú, ló wá burú jù. Mo ti sọ fún wọn pé kọ́ńtíráàtì ni mò ń ṣe l'Ékòó. Mo yá ₦120,000 ní alájẹṣẹ́kù láti ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún Ojúde Ọba tó kọjá, ọkọ mi ò mọ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn wá ra gàrí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sá sẹ́yìn àpò, ọmọ tó ń bá mi tajà ló dá a lóhùn. Èwo gan-an ni èmi nínú gbogbo wọn?"
Ìyá Gàrí, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, ẹ̀yìn àpò gàrí yẹn ni ọkàn mi dúró sí. Àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ yọ èyí tí kò ní wàhálà nínú kúrò.

Ohùn tó rọ̀ níwájú ìyá ọkọ kì í ṣe àgàbàgebè. Ṣé ẹnu tí o fi ń lé alábàárù lọ́jà ni o fẹ́ fi kí ìyá ọkọ ẹ káàárọ̀ ni? Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé tí kò ní ohùn ọjà, kó tún ní ohùn àna. Ìyá náà gan-an, tí o bá gbọ́ ọ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹnu á yà ẹ́. Ó ṣáà mọ̀ pé gàrí ni o ń tà, o ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Fi ìyẹn sílẹ̀, má jẹ́ kó gba oorun lójú ẹ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà, bákan náà ni.

Èyí tó yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù ni èyí tó jẹ́ pé bí ẹni méjì tó mọ̀ ẹ́ bá pàdé, o gbé. Tí ọkọ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ akápò ẹgbẹ́ yín lójú ọ̀nà Fọlágbadé, tíyẹn wá ní kó bá òun kí ìyàwó ẹ̀ oníkọ́ńtíráàtì, kí ni wàá wí?

Òwò lo sì ń tijú ẹ̀, ní Ìjẹ̀bú kẹ̀! Ìlú tó jẹ́ pé ọ̀ràn ọ̀nà ọjà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti Òyìnbó ní 1892. Gàrí tí o ń tà yìí, àwọn kan níbòmíì ń fi orúkọ ẹ̀ parọ́. Wọ́n á bu èyí tí wọn ò jẹ́ kó kan rárá sínú ọpọ́n, wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ni. Ìwọ tó o ní ojúlówó, tó kúnná, tó gbẹ, tó kan débi tí ojú á fi pa dé téèyàn bá mu ún, ìwọ lò ń lúgọ.

Ẹgbẹ́ yẹn alára, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí Awùjalẹ̀ tó wàjà ní 2025, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, gbé ètò náà dìde padà, ìgbà tí wọ́n bí èèyàn ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe iye tó wà lápò ẹ̀. Ìyá ẹ ló fi ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mú ẹ wọ ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi gàrí yọ ẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí." Mo mọ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń jó wọlé, tí iyùn ń dán lọ́rùn, tí ẹṣin ìdílé Balógun ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó wọ ti èṣí? Ó dùn-ún wò, n ò ní parọ́. Gbèsè ẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ọkọ ẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, lọ́sẹ̀ yìí. Má sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, má sọ ọ́ níwájú ọmọ. Sọ iye tí o yá, iye tó kù, àti ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á. Má fi ẹkún ṣáájú ọ̀rọ̀. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Onídùúró tó fọwọ́ síwèé fún ẹ ti mọ̀, kí ló dé tí ọkọ ò ní mọ̀?

Ó wá ku ẹni tó wá ra gàrí. Má dìde nípàdé láti jẹ́wọ́ o, ìpàdé ẹgbẹ́ kì í ṣe kóòtù. Wọn kóńgò méjì, fi èènì sí i dáadáa, gbé e lọ bá a nílé. Sọ pé: "Ọ̀rẹ́ mi, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó o wá. Èmi ni mo ni ín. Ojú ló tì mí." Kó o dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ tipẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá mú àwòrán aṣọ tọdún tó ń bọ̀ jáde, ọjọ́ yẹn náà ni kó o sọ fún akápò pé apá ẹ ò ká a, àmọ́ wàá wá. Àwọn kan máa fojú pa ẹ́ rẹ́, n ò ní tàn ẹ́. Ẹlòmíì ò ní pè ẹ́ sóde mọ́. Àwọn méjì mẹ́ta tó bá kù ni wàá lè pè lóru tí ara ọmọ bá ń gbóná.

O bi mí pé èwo ni ìwọ. Aláriwo Òkè-Ajé ni ẹ́, ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ ní Ìperu náà ni ẹ́. Oníkọ́ńtíráàtì Èkó yẹn nìkan ni n ò mọ̀ rí.

Tó o bá ti bá ọkọ ẹ sọ ọ́, kọ̀wé sí mi. Kó o sì sọ iye tí ẹ̀ ń ta kóńgò báyìí, torí èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan níbí, ṣúgà ló kù kí wọ́n pè é.