“Ọjọ́ a bá kú là á dère”: ta ni òwe náà ń bá wí níbi ìsìnkú ẹni tó sin ìlú?

Ẹnì kan béèrè pé: bàbá kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wọn jáde láyé, wọ́n sì ń ṣe àìsùn rẹ̀. Àwọn tó máa ń ta kò ó ní ìpàdé ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti yìn ín, àfi bí àgbàlagbà kan ṣe gba ọ̀rọ̀ sọ tó ní, “Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.” Àwọn ọmọ olóògbé fajú ro. Ṣé àgbà náà bú bàbá wọn ni, àbí ó ń yìn ín?

Kò bú olóògbé rárá. Àwa tó kù láyé ni òwe náà ń bá wí. Ère tí agbẹ́gilére gbẹ́ tó dán kì í já ènìyàn ní koro, kì í béèrè owó ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í sì í dìde ní ìpàdé láti sọ òótọ́ tó ń dunni. Alààyè ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sunwọ̀n lójú wa. Nítorí náà, ìlàjì kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé kúrò nínú òwe náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: rere olóògbé ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ojú wa ni kò gbà á nígbà tó ṣì ń rìn láàárín wa.

Ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, dídi ère lẹ́yìn ikú kì í ṣe àfiwé lásán láyé àtijọ́. Wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní àkó, èyí tí í ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún àgbà tó gbayì, tí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sì tó o ṣe. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ère olóògbé kó tó ènìyàn gidi, a sì ṣe ojú rẹ̀ kó jọ ti olóògbé náà gan-an, kì í ṣe bí ère ìbejì tí kì í jọ ojú ẹnì kan pàtó. Wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ iyebíye, wọn a gbé e káàkiri ìlú kí tẹbí tọ̀rẹ́ lè fojú rí i, lẹ́yìn náà ni wọn a wá sin ín. Jíjọ yẹn ló ń wú mi lórí jù nínú àṣà náà, nítorí bàbá wọn gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, pẹ̀lú ojú tí gbogbo ará ìlú mọ̀ ọ́n mọ́. Ó yẹ kí ìtàn ayé tí à ń kà níbi ìsìnkú lónìí jọ olóògbé bẹ́ẹ̀. Bí a bá kàn ní “onínúure ni, olùfẹ́ Ọlọ́run ni,” a lè ka ìwé kan náà lórí òkú mìíràn lọ́la láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ń múra ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, owó tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn láti fi gbé ètò náà ró bí ọ̀pọ̀ nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sì fẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ balẹ̀ ní agbègbè náà gan-an nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ó du ipò ààrẹ ní 1979 àti 1983, kò wọlé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987 ló jáde láyé, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀. Láti 1999 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lórí owó ₦100. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n torí owó rẹ̀ bínú sí i náà ni wọ́n fi ń yìn ín jù báyìí.

Ti akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú kò yàtọ̀, ó kàn kéré ni. Ẹni tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, tó ń gba owó ìdáwó kànga tàbí ti tiransifọ́mà, ọ̀tá ni lójú ẹni tí kò tíì san, wọn a sì ní ó ń jẹ owó ìlú. Ó di ìgbà tó bá kú, tí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò tó fi sílẹ̀, tí wọ́n rí i pé kò sí kọ́bọ̀ tí kò ní ibi tó lọ, kí ẹnu wọn tó mọ ìyìn. Ó dá mi lójú pé inú àgbà tó pa òwe níbi àìsùn yẹn ń bàjẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ìdí wà tí àwọn bàbá wa fi ń ṣọ́ra láti yin alààyè ní àyìnparí. Wọ́n ní “bí a ò kú, ìṣe ò tán”: ẹni tó sin ìlú títí di àná lè ta ilẹ̀ ìlú lọ́la. Ìṣọ́ra yìí dára, kò kàn yẹ kó di ìkùnsínú sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Oyè tí ìlú fi ń dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá lójú ayé rẹ̀ kò dúró de ikú, bẹ́ẹ̀ ni ìdúpẹ́ ní ìpàdé kò dúró dè é.

Ní ti pípa òwe náà, ẹnu ẹgbẹ́ olóògbé ló ti yẹ jù, pàápàá ẹni tó ti bá a ṣe àríyànjiyàn rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ kí ẹbí kú aráfẹ́rakù kí òwe tó wọlé, nítorí àìkí wọn ló sábà ń jẹ́ kó dà bí èébú. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa á lójú àgbà, kó fi “tótó, ó ṣe bí òwe” kún un, àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé “wàá rí òmíràn pa.” Níbi òkú ọ̀fọ̀, tí ọ̀dọ́ kú tí òbí rẹ̀ sì wà láyé, kí ẹnikẹ́ni má pa á rárá.