Ìdáhùn Sí Lẹ́tà: Fóònù Ló Ń Jẹ Kérésì Wa Tán

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Èmi àti ọkọ mi ti lo ọdún méjì nílẹ̀ òkèèrè, a ò tíì bímọ, a ò sì ní ẹbí kankan nítòsí. Wákàtí 6 ni ilé fi ṣíwájú wa. Ní Kérésì tó kọjá, aago 2 òru ni fóònù ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo se oúnjẹ rẹpẹtẹ, a ò jẹ ìdajì rẹ̀. Nígbà tí mo ní ká múra jáde, ó ní, ‘Àwa méjì péré, kí la fẹ́ máa ṣe?’ Ilé ìwẹ̀ ni mo ti lọ sunkún. Òmíràn tún ti ń bọ̀, àyà mi ti ń já.” (Ìyàwó Òkèèrè)

Àbúrò mi, gbólóhùn ọkọ rẹ yẹn dùn ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tún un gbọ́. Ìbéèrè gidi ló bi ọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ni fóònù bá gba ọjọ́ náà mọ́ yín lọ́wọ́. Nílé, ìyá ń pín iṣẹ́, bàbá ń pe àdúrà, àwọn ọmọdé ń pariwo, ọjọ́ náà ń rìn fúnra rẹ̀. Níbi tí ẹ wà, bí ẹ̀yin méjì ò bá gbé e rìn, ojú kan ló máa wà.

Ká ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Aago 2 òru tiyín, aago 8 àárọ̀ ni nílé. Àwọn tó ń pè yín ò ṣẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Lálẹ́ ọjọ́ 24, ẹ pa ohùn fóònù méjèèjì kí ẹ tó sùn. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn òbí nìkan ló máa dún. Aago 9 àárọ̀ ni kí ẹ fi ìpè sí. Aago 3 ọ̀sán ni yóò jẹ́ nílé nígbà yẹn: wọ́n á ti jẹun, wọ́n á ṣì wà lójú kan. Ẹbí kan ní aago 9, èkejì ní aago 10. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ yí i padà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀yìn lẹ máa ń fi òun sí. Ìṣẹ́jú 40 tó fún ilé kan. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já fúnra rẹ̀ tó bá di ìṣẹ́jú 40, ó sì ń gbani lọ́wọ́ ìdágbére tí kì í tán.

Ẹ ṣọ́ aago náà dáadáa o. Bí wọ́n bá ń yí aago padà nígbà òtútù níbi tí ẹ wà, tí wọn ò sì yí i nílé, ìyàtọ̀ tí ẹ mọ̀ nínú oṣù Ògún ti fi wákàtí kan yẹ̀ kó tó di oṣù Ọ̀pẹ.

Ìpè tí èèyàn 15 kó ara wọn sí lẹ́ẹ̀kan náà kì í dùn. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ sọ̀rọ̀, ohùn ẹnì kan ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ yín, ariwo ayọ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an ni ẹ̀rọ á gé dànù. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù lé orí ohun tí kò mì, kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, kì í ṣe kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kó má baà jẹ́ òjìji dúdú lẹ máa rí. Kí wọ́n wá máa jókòó síwájú rẹ̀ ní méjì méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í rò tẹ́lẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ìpè bá parí. Ilé á kàn dákẹ́ lójijì. Mo fura pé ibẹ̀ ni ẹkún ilé ìwẹ̀ yẹn ti wá. Kí bàtà àti kóòtù ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Bí ìpè kejì bá ti tán, ẹ jáde, ẹ rìn fún wákàtí kan. Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ni kí ẹ yàn, torí lọ́pọ̀ ìlú, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọjà á sì ti tì. Bí iyọ̀ bá tán láàárọ̀ ọjọ́ 25, ó tán nìyẹn.

Ó wá ku ìbéèrè ọkọ rẹ. Ẹ mú ìwé pélébé méjì, kí kálukú lọ sí yàrá tirẹ̀, kó kọ nǹkan márùn-ún tó jẹ́ pé bí wọn ò bá sí, ọdún ò pé lójú rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara yín. Kálukú á fa igi lé mẹ́ta nínú tirẹ̀, méjì á kù. Mẹ́rin yẹn ni Kérésì yín, ẹ fi wákàtí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kékeré ló sábà máa ń kù: aṣọ tuntun, orin kan ní kùtùkùtù, àbẹ́là lórí tábìlì. Kó má sì yà ọ́ lẹ́nu bó bá jẹ́ “àlejò” ni ọkọ rẹ kọ sókè. Ẹni tó dàgbà nínú ilé elérò, èrò ni ọdún lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “àwa méjì péré” fi ń jọ òfo létí rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pe ẹnì kan tàbí méjì tí àwọn náà jìnnà sílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 ni kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì dá wákàtí tí ẹ máa túká. Bí àlejò bá kún ọjọ́ 25, ìwọ á kàn tún ilé ìdáná bọ̀ ni.

Ní ti oúnjẹ, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Adìẹ kan tó wọn 1.5 kg tó yín, á tún kù fún ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ dídì, ẹ gbé e sínú abọ́ nísàlẹ̀ fìríìjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23. Ẹni tó bá gbé e sórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà á rí i pé ìta ti rọ̀, kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ lára rẹ̀, inú ṣì jẹ́ yìnyín. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò, torí wọ́n máa ń di ẹ̀dọ̀ àti iwe sínú ọ̀rá kékeré síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ìrìn dé, ẹ gbé e sínú ààrò ní 190°C fún bí ìṣẹ́jú 80. Níbi tí itan ti nípọn jù, ìgbóná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 74°C. Èyí tó bá kù, kó wọ fìríìjì kí wákàtí 2 tó pé, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ 25 fún ọ̀kan nínú yín, ẹ sún gbogbo rẹ̀ sí 26. Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ní Rọ́ṣíà àti Etiópíà, ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe tiwọn, ọdún wọn sì ń jẹ́ ọdún. Ẹ ṣáà má sọ pé “a máa wò ó.”

Lẹ́nu ọkọ rẹ ni kí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ètò ìpè yìí, kí ìyá tìrẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ fún ìyá ọkọ, ohun tó máa gbọ́ ni pé ìyàwó ti ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ òun. Kó kọ ọ́ báyìí: “Màmá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. A máa pè yín ní aago 3 ọ̀sán tiyín lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ bá wa kó gbogbo ilé jọ, kí iná sì kún inú fóònù. Bí ẹ bá pè kí aago 12 ọ̀sán yín tó lù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí o, a ṣì ń sùn.” Kó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀pẹ, kó sì tún fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 23, torí wọ́n á ti gbàgbé.