Èsì: Ibi tí framework ti ń wá

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé ńṣe ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan máa ń jókòó hùmọ̀ framework (àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀, tí a fi ń kọ́ ìkànnì), àti pé kí ló dé tí kì í dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká wo Django, ọ̀kan nínú àwọn framework bẹ́ẹ̀. Kò wáyé báyẹn rárá. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World, ní Kansas, Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003. Iṣẹ́ oníròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kíákíá ni wọ́n ń fẹ́ ohun tuntun lórí ìkànnì. Kóòdù tí wọ́n ń tún kọ lemọ́lemọ́ ni wọ́n wá yọ sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa lò ó níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Django fi ní ojú ewé admin (ibi ìṣàkóso ìkànnì) tirẹ̀: olóòtú tí kò mọ kóòdù kọ gbọ́dọ̀ lè gbé ìròyìn jáde! Oṣù Keje 2005 ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Rails náà, tó jẹ́ framework mìíràn, inú Basecamp, ètò orí ìkànnì tí a fi ń ṣàkóso iṣẹ́, ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ní ti ìyípadà, àwọn tó ń lo framework ló ń fà á jù, lójú tèmi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Django kò lè tún àwọn tábìlì inú database (ibi tí ìkànnì ń tọ́jú dátà sí) tò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá yí model, ìyẹn kóòdù tó ń sọ bí dátà náà ṣe rí, padà. Andrew Godwin kọ àfikún kan tó ń jẹ́ South láti ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn ènìyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó di 2014, irú iṣẹ́ yẹn wọ inú Django 1.7 gan-an, Godwin náà ló sì kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó lè wọ inú framework lọ́la, ẹ máa wo àfikún tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí.