Àwọ̀ wo ni ti fèrè zémìjàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọnà o. Wàńdó ni mo ń gbé ní Àjàṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ariwo ọjà wa ya àwòrán àfòyemọ̀. Mo ra àtẹ kan tí wọ́n kọ àwọ̀ ohùn orin kọ̀ọ̀kan sí: dò jẹ́ pupa, rè jẹ́ àwọ̀ ọsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. N kò rí fèrè zémìjàn, alùpùpù akérò wa, nínú rẹ̀. Àwọ̀ wo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mú àtẹ yẹn tọ̀ mí wá, ó sì ti ń sú mi. Fèrè zémìjàn kò sí nínú rẹ̀ nítorí pé kò sí ìró kankan tí ó ní àwọ̀ tirẹ̀. Gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni ìró tí à ń gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbé àwọ̀ wá kò nílò afẹ́fẹ́ rárá, òun ni ó fi ń ti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, ni ó pín òṣùmàrè sí méje kí ó lè bá ohùn orin méje dọ́gba, èrò tirẹ̀ sì nìyẹn. Àwọn olórin Rọ́ṣíà méjì, Scriabin àti Rimsky-Korsakov, sọ pé àwọn ń rí àwọ̀ nínú orin, síbẹ̀ orin tí ó bá fi dò ṣe ìpìlẹ̀, pupa ni ti Scriabin, funfun ni ti ẹnì kejì. Àwa tí a ń fi dò-rè-mí kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ńkọ́? “Ọ̀dà” fúnra rẹ̀, dò dò ni. Ṣé gbogbo ọ̀dà wá di pupa? N kò pe ẹni tí ó ta àtẹ náà ní oníjìbìtì o, ó lè gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Má ṣáà ra òmíràn.

Mondrian, ayàwòrán àfòyemọ̀ kan, dé New York ní 1940, orin boogie-woogie ibẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára. Nínú àwòrán rẹ̀, Broadway Boogie Woogie, tí ó parí ní 1943, pupa, búlúù àti ìyeyè tí ó ti ń lò fún nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú náà ni ó tún lò. Ohun tí ó yí padà ni ìlà: ó pa ìlà dúdú tì, ó sì gé ti ìyeyè sí wẹ́wẹ́, tí ojú fi ń fò láti ibi kan sí ìkejì.

Nítorí náà, mú èédú àti ìwé gígùn, kí o jókòó sí ibi tí o ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta kan, ṣùgbọ́n má súnmọ́ ọn jù, nítorí irú ariwo bẹ́ẹ̀ máa ń ba etí jẹ́. Fa ìlà kan láìgbé ọwọ́. Bí wọ́n bá da àgbàdo sí i, ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀, yóò sì wúwo; tẹ èédú náà mọ́lẹ̀. Bí àgbàdo bá ń tán lọ, jẹ́ kí ìlà náà fẹ́lẹ́. Zémìjàn tí ó bá fọn fèrè, fi ṣóńṣó èédú sàmì sí ibi tí ó ti dún. Bí méjì bá ń du ọ̀nà, àmì wọn yóò gun ara wọn. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà, gbé ọwọ́ kúrò, kí ìwé wà ní òfìfo títí wọn yóò fi tún tan án.

Ẹ̀yìn èyí ni kí o tó yan àwọ̀, mẹ́ta péré tí ó ti mọ́ ọ lọ́wọ́. Èmi ti fi àwọ̀ aró ya fèrè zémìjàn rí, kò sì sí ẹni tí ó bá mi jà.