Ẹ má gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yín

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá tó kọ̀wé láti Saitama ní Japan. Ẹ ní ọmọ yín ń sọ èdè Japan bí ẹyẹ ẹ̀gà, síbẹ̀ ó ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí ẹ má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí tèmi wà ní kíláàsì kẹta. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Èdè tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ti inú ìwé ló ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ mi mọ ìṣirò pínpín dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ti fi kanji, àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè Japan, kọ ìbéèrè náà ní gbólóhùn gígùn, á kàn máa wo ìwé ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá: "Ọsàn 36 ló wà nílẹ̀, ọmọ 4 fẹ́ pín in lọ́gbọọgba." N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án!" Orí rẹ̀ pé. Ká ní mo ti gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, kí ni ǹ bá fi là á yé e? Èdè Japan tèmi kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo iye kanji tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́: 80 ní kíláàsì kìíní, 160 ní ìkejì. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Japan ní kíláàsì kẹta ti jẹ gbèsè 240 kó tó jókòó.

Ohun tó yẹ kí ẹ bá ilé-ìwé fà ni toridashi. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ní kíláàsì láàárín àkókò ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ́ ọ ní èdè Japan lọ́tọ̀, láti wákàtí 10 dé 280 lọ́dún, pẹ̀lú ètò tí wọ́n ṣe fún òun nìkan. Àmọ́ wọn kì í gbé e wá bá èèyàn nílé. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá dá ṣáṣá ni wọ́n sì máa ń fò dá, wọ́n á ní ó ti gbọ́ èdè. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Tí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé òbí, ẹ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ dání, kí ẹ fi ibi tó fi sílẹ̀ lófìfo hàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ni yóò sì kọ́ ọ? Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní olùkọ́ tó lè ṣe é, ẹ kọjá sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìlú yín, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tí yóò máa wá ràn án lọ́wọ́.