Èsì: Ṣíṣájì mọ́tò nínú ilé alájà tó ti pẹ́

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fa ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n láti àjà kẹjọ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí mọ́tò oníná yín wà. Ẹ má dán an wò o! Tí wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà bá ṣì wà ní kíká, ó lè gbóná títí á fi yọ́. Wáyà ńlá tó gbé iná wọlé gan-an ni wàhálà: nígbà tí wọ́n kọ́lé yẹn, ta ló ro ti mọ́tò mọ́ ọn? Ṣájà 7 kW kan ń fa nǹkan bí 30 amp. Bí mẹ́wàá bá jọ ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́, fíúsì á já. Ẹ ní kí ìgbìmọ̀ ilé pe oníṣẹ́ iná tó máa wọn iná tó ń ṣẹ́ kù lóru, kí wọ́n wá ra ṣájà tó ń pín iná láàárín ara wọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 2.3 kW lásán pàápàá á fi nǹkan bí 20 kWh (yúníìtì iná 20 lórí mítà) sí bátìrì láàárín wákàtí 10. Ọ̀rọ̀ mítà, ìyẹn ta ló máa san owó iná tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan lò, ló máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ tètè yanjú ìyẹn.