Ṣé kí wọ́n so wáyà súìṣì AC mọ́tò mi pọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. AC Toyota mi kò tutù mọ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, kì í gbé rárá. Oníṣẹ́ AC ní súìṣì tó wà lára páìpù gáàsì ló bàjẹ́, ó fẹ́ so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, súìṣì yẹn ò bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo gáàsì R134a, ó máa ń gé iná kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bí agbára gáàsì bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 28 psi (psi ni òǹkà tí gééjì fi ń wọn agbára náà), tàbí tó bá gòkè dé nǹkan bí 455 psi. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fura sí lọ́dọ̀ yín. Ọ́ìlì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í dúró lójú kan. Gáàsì ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Bí gáàsì bá jò tán, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ṣì ń yí nítorí wáyà tí wọ́n so pọ̀, ọ́ìlì ò ní padà wá mọ́, irin á máa ha irin, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì nọ́ọ̀kì. Èérún irin náà á wọ kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń tutù níwájú mọ́tò, owó tí ẹ ó ná á di púpọ̀.

Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi gééjì wò ó. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kó tutù dáadáa. Bí ooru ọjọ́ náà bá tó 30°C, gééjì yẹ kó ka nǹkan bí 95 sí 100 psi. Ìyẹn ò sọ pé gáàsì pé o, díẹ̀ tó ṣẹ́kù náà lè kà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 20 psi ló kà, gáàsì ti jò: kó wá ojú ibi tó ń jò kó tó rọ òmíràn. Bí gáàsì bá wà, kó yọ wáyà kúrò lára súìṣì, kó fi mítà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí mítà bá dún, súìṣì dára. Kó lọ wo fíúsì, rélè (súìṣì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀) àti kọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì tó ń mú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbé. Bí kò bá dún, súìṣì ló bàjẹ́ lóòótọ́.

Bó bá jẹ́ wáyà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀, tó ń sọ agbára gáàsì fún kọ̀ǹpútà mọ́tò. Àyẹ̀wò yìí ò bá a mu, síso wáyà rẹ̀ pọ̀ sì lè ba kọ̀ǹpútà mọ́tò jẹ́.

Bí AC bá ń tutù lórí ìrìn, tó wá ń gé nínú gósíló, agbára gáàsì ló ń ga jù. Ẹ wo fáànù kọ̀ńdẹ́ńsà, kí ẹ sì fọ eruku ara kọ̀ńdẹ́ńsà náà. Gáàsì àrọjù náà máa ń fà á. Ìwọ̀n gíráàmù tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n rọ.

Bó bá di pé kí wọ́n pààrọ̀ súìṣì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa gáàsì kúrò. Kì í ṣe gbogbo súìṣì ló ní fáàfù tó ń dí gáàsì lábẹ́, gáàsì tó bá tú síta lójijì lè bó ọwọ́, ó sì lè fọ́ ojú.